Ẹni Eji Bá Leji Ń Pa: Bí Ẹgbẹ́ Oníkẹ̀kẹ́ Ṣe Lè Ṣètò Ìrìn Lákòókò Òjò àti Ọyẹ́ ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Bí ènìyàn bá fẹ́ kó àwọn mẹ́wàá tàbí ogún jọ kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bi ara rẹ̀ ni pé, "Ṣé òjò máa rọ̀ lọ́la?" Ìbéèrè yẹn kò burú, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè dáhùn rẹ̀ tán. Òjò lè rọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ kí ilẹ̀ Ṣágámù gbẹ táútáú. Fóònù lè sọ pé òjò ń bọ̀, kí ẹ sì gùn ún délé láìrí ẹ̀kán kan. Ìbéèrè tó wúlò ni èyí: bí òjò bá ká wa mọ́ ojú ọ̀nà, ìṣẹ́jú mélòó la fi máa dé abẹ́ òrùlé, ta ni yóò sì sọ pé ká yà? Ẹgbẹ́ tó bá ti ní ìdáhùn sí méjèèjì kó tó gbéra, òjò kàn máa dá a dúró ni, kò ní ṣe é léṣe.

Àkókò wo lẹ wà nínú ọdún?

Òjò àkọ́rọ̀, láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, àti òjò àrọ̀kúrò tó máa ń kásẹ̀ nílẹ̀ nígbà tí oṣù kẹwàá bá ń lọ sópin, ìwà kan náà ni wọ́n ń hù: ìjì ló ń gbé wọn wá. Ooru á mú láti àárọ̀, ìkùukùu á máa ga sókè lọ́sàn-án, tó bá fi máa di aago 3 tàbí 4, atẹ́gùn líle dé, àrá sán, òjò sì rọ̀ kíkankíkan fún bíi wákàtí kan tàbí méjì. Àárọ̀ sábà máa ń mọ́. Ìrìn tó bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 6:30 tó sì parí kí aago 11 tó lù ti bọ́ lọ́wọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wàhálà yìí.

Oṣù kẹfà, oṣù keje àti oṣù kẹsàn-án yàtọ̀. Òjò àsìkò yìí lè bẹ̀rẹ̀ lóru kó má dá títí di ọ̀sán, nígbà mìíràn ó kàn máa ń rọ̀ wẹliwẹli ni, kò ní dá, kò sì ní le. Títètè jáde kò ní gbà yín níbẹ̀. Ewu tó wà kì í ṣe ti ìjì mọ́, ti ilẹ̀ ni: kòtò tí omi bò mọ́lẹ̀, ẹrẹ̀ tí àgbàrá wọ́ wá sórí ọ̀dà, àti búrékì tí kò mú.

Láàárín ìparí oṣù keje sí ìdajì oṣù kẹjọ, òjò sábà máa ń sinmi. Ojú ọjọ́ á tutù, oòrùn kò ní le, ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lè kọjá láìsí òjò gidi. Àsìkò yìí la fẹ́ràn jù fún ìrìn jíjìn, ju àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn gan-an lọ, nítorí pé kò sí eruku, kò sì sí oòrùn tó ń jó ni lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ọ̀nà tí ẹ máa gùn ti jẹ òjò oṣù méjì. Ẹ lọ wò ó kí ẹ tó kó ènìyàn lọ síbẹ̀.

Ọyẹ́ ń bọ̀ nísàlẹ̀, ètò tirẹ̀ ṣe ọ̀tọ̀.

Ìyọ oòrùn náà ṣe pàtàkì fún aago tí ẹ máa dá. Ní oṣù kẹfà, nǹkan bí aago 6:30 ló ń yọ. Ní oṣù kìíní, ó tó nǹkan bí aago 7. Ẹgbẹ́ tó bá ń gbéra ní aago 6:30 lọ́dọọdún láì yí i padà, inú òkùnkùn ni yóò máa bẹ̀rẹ̀ nígbà ọyẹ́, àsìkò tí ojú kò tilẹ̀ ríran jìnnà.

Òrùlé lẹ kọ́kọ́ máa wá, ọ̀nà ló tẹ̀ lé e

Ẹ ṣí máàpù orí fóònù, ẹ fa ìlà sí ọ̀nà tí ẹ fẹ́ gbà, kí ẹ wá máa wá òrùlé lórí ìlà náà. Kí òrùlé kan sí èkejì má ju kìlómítà 5 lọ. Ìdí rẹ̀ nìyí: ẹgbẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ wà nínú rẹ̀ máa ń sáré bíi kìlómítà 18 ní wákàtí kan. Bí òrùlé méjì bá fi kìlómítà 5 jìnnà síra, ibi tó burú jù tí òjò lè ká yín mọ́ ni àárín, ìyẹn kìlómítà 2 àbọ̀ sí ẹ̀yìn tàbí sí iwájú, ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án sì ni. Ẹni tó bá rí ìkùukùu dúdú lókèèrè máa ń ní ju ìyẹn lọ. Bí ibì kan bá wà lójú ọ̀nà yín tí òrùlé kò sí fún kìlómítà 8 tàbí 10, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí ẹ kò ní wọ̀ láìkọ́kọ́ dúró wo ojú ọ̀run.

Òrùlé méjì ló wà, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Ilé epo, abà ẹlẹ́bà tàbí ibùdókọ̀ tí wọ́n bò lórí dára fún òjò lásán. Kò dára fún àrá, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀, irin ló sì pọ̀ nínú òpó àti òrùlé rẹ̀. Kò dára fún ìjì náà, torí pé páànù lè ṣí. Ohun tó dára fún àrá ni ilé bíríkì tó ní ògiri yíká, bí ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí tàbí gbọ̀ngàn ìlú, tàbí inú ọkọ̀ tí wọ́n pa gíláàsì rẹ̀ dé. Nítorí náà, ẹ fi àmì méjì sórí máàpù, ọ̀kan fún òjò, ọ̀kan fún àrá. Kí àmì ti àrá náà má jìnnà ju kìlómítà 5 síra wọn lákòókò àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò.

Ẹ má dé ibẹ̀ lójijì. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, kí ẹni méjì lọ kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ìmáàmù, pásítọ̀ tàbí baálẹ̀ ibẹ̀, kí wọ́n sì sọ ọ́ ní ṣókí: "Ẹ kú ilé o, bàbá. Ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ni wá. A máa kọjá níbí lọ́jọ́ Sátidé. Bí òjò bá ká wa mọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yín fún wákàtí kan." Kò sẹ́ni tó máa ń kọ̀ ọ́. Ẹ gba nọ́ńbà ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ máa ń wà ní títì lọ́jọ́ Sátidé. Ibi tí ètò sì ti sábà máa ń bàjẹ́ nìyẹn: ilé wà, òrùlé wà, géètì ni kò ṣí.

Ní ti ọ̀nà fúnra rẹ̀, ẹ yan èyí tó máa ń gba ìlú dé ìlú, kí oríta rẹ̀ sì fún yín láyè láti yí ọkàn padà. Ìlú Òrù dára fún èyí. Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Òrù, ọ̀nà kan ni. Ní Òrù, ẹ lè yà sí Àgọ́-Ìwòyè tó wà nítòsí, ẹ sì lè yà sí Ìjẹ̀bú-Igbó tó jìnnà díẹ̀ sí i. Ẹgbẹ́ kan náà, àárọ̀ kan náà, ọ̀nà mẹ́ta: ẹ padà láti Òrù, ẹ lọ sí Àgọ́-Ìwòyè, tàbí ẹ lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ojú ọ̀run tí ẹ bá bá ní Òrù ló máa yàn fún yín.

Lápá Rẹ́mọ, Ìkẹ́nnẹ́, Ìlíṣàn àti Ìpẹrù sún mọ́ra gan-an, ilé kì í wọ́n lójú ọ̀nà wọn. Ibẹ̀ ni kí ẹ gbé ìrìn lọ ní ọjọ́ tí ọkàn yín kò balẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá dúró, ẹ fi Òdè Rẹ́mọ àti Ìṣarà kún un. Bí kò bá dúró, ẹ yí i po láàárín ìlú mẹ́ta yẹn, kí ẹ sì padà sí Ṣágámù.

Ọ̀nà ńlá Ṣágámù sí Benin àti ti Èkó sí Ìbàdàn kì í ṣe ibi tí ẹgbẹ́ ń gun kẹ̀kẹ́ lọ nínú òjò, kódà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tírélà máa ń ta omi dúdú sókè tó fi jẹ́ pé awakọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní rí kẹ̀kẹ́ rárá. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ sọdá, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ ti kẹ̀kẹ́ sọdá. Ọ̀nà ilẹ̀ pupa tó gba inú igbó lọ síbi Ẹrẹdò Ṣùngbọ́, yàrà àtijọ́ tó wà lápá Òkè-Ẹ̀rí, ẹ fi dúró de ẹ̀ẹ̀rùn: ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń yọ̀ bí ọṣẹ lẹ́yìn òjò, igi ńláńlá sì ló yí i ká.

Ẹ ro ti atẹ́gùn mọ́ ọn. Lákòókò òjò, apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn ojoojúmọ́ ti ń fẹ́ wá. Lákòókò ọyẹ́, àríwá ìlà-oòrùn ni. Ẹ jẹ́ kí àlọ dojú kọ atẹ́gùn, kí àbọ̀ fi í sẹ́yìn, torí pé ìgbà àbọ̀ ló ti ń rẹ ènìyàn. Láti Ìjẹ̀bú-Òde, ìyẹn ni pé lílọ sí apá Ẹ̀pẹ́ bá àkókò òjò mu, lílọ sí apá Ìjẹ̀bú-Igbó sì bá ọyẹ́ mu.

Kí ẹ tó dá ọjọ́, ẹ béèrè ọdún ìbílẹ̀. Ọdún Àgẹmọ ní Ìjẹ̀bú sábà máa ń bọ́ sí oṣù keje, obìnrin kò gbọ́dọ̀ fojú kàn án, àwọn ìlú kan ní Rẹ́mọ sì máa ń ṣe Orò. Ẹgbẹ́ tó ní obìnrin nínú kò gbọ́dọ̀ kàn sáré wọ ìlú. Ọjọ́ Ojúde Ọba, tó jẹ́ ọjọ́ kẹta Iléyá, ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ sinmi. Èrò ní í gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ náà, ẹni tó bá sì jẹ́ ọmọ ibẹ̀, ibòmíràn kọ́ ló yẹ kó wà.

Ìpinnu ní aago tirẹ̀

Alẹ́ Ọjọ́bọ̀, bí Sátidé bá ni ìrìn: ẹ wo ohun tí NiMet, àjọ ìjọba tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí, sọ nípa ojú ọjọ́ ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ fi ohun tí ètò méjì mìíràn lórí fóònù sọ wé e. Ohun tí ẹ ń wá kò ju bóyá òjò ńlá kan wà lójú ọ̀nà tàbí kò sí. Ẹ yan ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀, gígùn, àárín àti kúkúrú, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà.

Aago 8 alẹ́ Ẹtì: ẹ wo àwòrán ìkùukùu tí sátẹ́láìtì yà, èyí tó wà lórí ètò fóònù bíi Windy àti irú rẹ̀. Àwòrán yìí ṣe é gbára lé ju nọ́ńbà ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún tí fóònù fi ń sọ bí òjò ṣe lè rọ̀ tó lọ, torí pé ohun tó ti wà lójú ọ̀run lẹ ń rí. Ẹ wo apá ìlà-oòrùn: Òǹdó, Àkúrẹ́, Benin. Ìjì tó ń gbé òjò àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò wá, ìlà-oòrùn ló ti ń wá sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì lè sáré tó kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lórí WhatsApp. Irú èyí tó máa yé gbogbo ènìyàn:

"Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ìrìn ọ̀la dúró. Ọ̀nà àárín la máa gùn: Ìjẹ̀bú-Òde, Òrù, Àgọ́-Ìwòyè, ká sì padà. A máa gbéra ní aago 6:30, a ó ti délé kí aago 10 tó lù. Òjò lè dé lẹ́yìn aago 11. Ẹ mú ẹ̀wù òjò, iná ẹ̀yìn àti tíúbù kan dání. Ẹ wo fóònù yín ní aago 5:45. Bí ẹ ò bá rí Ó YÁ níbẹ̀, ẹ má jáde nílé."

Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Bí òjò bá rọ̀ lóru, nẹ́tíwọ̀kì á lọ, iná á lọ, iṣẹ́ tí ẹ fi rán WhatsApp kò ní dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn. Bí àdéhùn bá jẹ́ pé kí wọ́n máa bọ̀ àfi tí wọ́n bá gbọ́ pé kò sí ìrìn mọ́, ẹni tí kò gbọ́ á jáde sínú ìjì ní òun nìkan. Bí àdéhùn bá jẹ́ pé kí wọ́n jókòó àfi tí wọ́n bá rí Ó YÁ, ẹni tí kò gbọ́ á wà nílé rẹ̀ ní àlàáfíà.

Aago 5:30 àárọ̀ Sátidé: ẹ jáde síta, ẹ wo ojú ọ̀run, ẹ tún wo àwòrán sátẹ́láìtì lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí ẹgbẹ́ ní ẹnì kan ní Oré tí wọ́n lè pè. Oré fi díẹ̀ ju kìlómítà 100 lọ jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde lápá ìlà-oòrùn. Bí ẹni yẹn bá sọ pé ìjì ń jà lọ́dọ̀ àwọn nísinsìnyí, ẹ kà á sí pé wákàtí méjì ló kù fún yín.

Ẹ fagi lé e bí àrá bá ń sán, bí ìjì bá wà ní ìlà-oòrùn lórí àwòrán, bí òjò líle bá ti rọ̀ fún wákàtí mẹ́ta mọ́jú, tàbí bí ẹ kò bá ríran tó mítà 200. Ẹ gé e kúrú bí òjò bá ṣeé ṣe kó dé kí ẹ tó parí ọ̀nà gígùn. Òjò wẹliwẹli láìsí àrá kì í ṣe ìdí láti fagi lé ìrìn àwọn àgbà oníkẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹni tuntun bá ju mẹ́ta lọ nínú ẹgbẹ́, ẹ gbé ọ̀nà kúkúrú.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kó pàṣẹ, kí gbogbo ènìyàn mọ orúkọ rẹ̀ ṣáájú. Ẹ má dìbò lójú ọ̀nà. Bí ẹ bá ń dìbò, àwọn alágbára ló máa sọ̀rọ̀ sókè pé ká máa lọ, ojú á ti ẹni tó ti rẹ̀, á dákẹ́. Bí aṣíwájú àti ẹni tó ń kẹ́yìn kò bá gbọ́ra wọn yé lórí ojú ọjọ́, ọ̀rọ̀ ẹni tó ní ká yà ni kó lékè.

Ẹrù tó yẹ kó wà nínú àpò

Kí olúkúlùkù mú tíúbù kan tó bá táyà tirẹ̀ mu, iná pupa fún ẹ̀yìn tí yóò máa tàn tọ̀sán tòru, náílọ̀ọ̀nù méjì tó nípọn (ọ̀kan fún fóònù, ọ̀kan fún ẹ̀wù gbígbẹ), àṣíborí, àti omi. Omi inú ọ̀rá kan jẹ́ ìdajì lítà. Ẹ ka ọ̀kan ó kéré tán fún wákàtí kan, kódà bí òjò bá ń rọ̀, torí pé ara ń làágùn lábẹ́ ẹ̀wù òjò. Kí ẹ̀wù òjò náà fún mọ́ ara. Èyí tó fẹ̀ bí agbádá máa ń wọ inú sípóòkì, atẹ́gùn sì máa ń gbá a bí ìgbòkun.

Fún ènìyàn mẹ́wàá, kí ẹgbẹ́ gbé pọ́ǹpù méjì, ohun ìyọ-táyà mẹ́ta, pátíṣì mẹ́wàá pẹ̀lú solúṣàn méjì, ìyọ-ṣéènì kan pẹ̀lú ìsopọ̀ ṣéènì méjì, kọ́kọ́rọ́ igun-mẹ́fà ti mìlímítà 4, 5 àti 6, rọ́bà búrékì méjì, àkísà gbígbẹ mẹ́ta, àpótí ìtọ́jú ọgbẹ́, páwàbáǹkì kan àti fèrè kan. Ohun kékeré kan tún wà tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé: àwọn kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan máa ń ní fáàfù tíńrín. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọ́gánáísà, ti mọ́tò ló wà fún, kò ní wọ fáàfù yẹn. Ẹ ra orí bàbà kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ fáàfù tíńrín kó lè gba afẹ́fẹ́ mọ́tò, kí ẹ fi méjì sínú àpò. Láìsí i, fọ́gánáísà tó jókòó sí ìta yín kò lè ràn yín lọ́wọ́.

Nínú òjò, ẹ má lẹ pátíṣì lójú ọ̀nà bí ẹ bá lè ṣe é. Solúṣàn kì í di tíúbù tútù mú. Ó lè dà bí ẹni pé ó lẹ̀, kìlómítà kan kò ní pé kó tó ṣí. Ẹ pààrọ̀ tíúbù, kí ẹ lẹ èyí tó jò nílé. Kí ẹ tó fi tuntun sí i, ẹ fi àkísà nu inú táyà, kí ẹ wá fi ìka tọ gbogbo inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Táyà máa ń jò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà òjò nítorí pé àgbàrá máa ń kó wáyà àti àfọ́kù ìgò jọ sí etí ọ̀nà, rọ́bà tútù sì máa ń tètè gé. Wáyà tó jáde lára táyà mọ́tò tó bẹ́ máa ń kéré bí irun, ojú kì í rí i, ìka nìkan ló ń bá a.

Ẹ tú afẹ́fẹ́ táyà sílẹ̀ díẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá. Táyà tíńrín tó ń gbé 80 PSI (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà), ẹ jẹ́ kó wà ní 70 sí 72. Èyí tó nípọn tó ń gbé 40, ẹ fi sí 35 sí 36. Táyà á fẹ̀ sílẹ̀, á sì di ilẹ̀ mú. Ẹ má tú u ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé bí ẹ bá já sí kòtò, rímù á gé tíúbù.

Bí òjò bá dé lójú ọ̀nà

Ìjì kì í dé láìránṣẹ́. Ìkùukùu dúdú á tẹ̀ bí ọrun ọfà ní ìlà-oòrùn, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á gún régé. Atẹ́gùn á kọ́kọ́ dá wáí, ewé kò ní mì, ooru á wá mú ju ti tẹ́lẹ̀. Lójijì, atẹ́gùn tútù á fẹ́ lù yín láti apá ibi tí ìkùukùu náà wà, eruku àti ọ̀rá á fò sókè. Láti ìgbà tí atẹ́gùn tútù yẹn bá kan ojú yín, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kù kí òjò dé. Ẹ má gbìyànjú láti sá fún un: ju ìlọ́po méjì eré yín lọ ló ń sá. Ẹ wọ ilé tó sún mọ́ yín jù, kódà bó jẹ́ pé ẹ̀yìn ló wà.

Bí mànàmáná bá kọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ka ìṣẹ́jú-àáyá títí àrá á fi sán. Mẹ́ta mẹ́ta jẹ́ kìlómítà kan. Bí ẹ kò bá kà tó 30, kò jìnnà ju kìlómítà 10 lọ, kí gbogbo ènìyàn sì wọlé. Ẹ dúró títí ìṣẹ́jú 30 á fi kọjá lẹ́yìn àrá ìkẹyìn. Gbogbo ìgbà tó bá tún sán, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíkà láti òdo. Bí kò bá sí ilé rárá, ẹ fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ẹ kúrò lábẹ́ igi àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó iná, kí ẹnì kan jìnnà sí èkejì ní mítà 15 ó kéré tán, kí ẹ lóṣòó kí ẹsẹ̀ méjèèjì papọ̀. Abẹ́ igi máńgòrò kì í ṣe ibi ìsádi. Bí wáyà iná bá sì ti já sílẹ̀ lẹ́yìn ìjì, ẹ yí padà.

Bí ó bá jẹ́ òjò lásán, tí ẹ sì ń bá a lọ, ẹ tò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nílẹ̀ gbígbẹ, àyè kẹ̀kẹ́ kan láàárín ẹni méjì lè tó; nínú òjò, ẹ fi àyè kẹ̀kẹ́ mẹ́ta sílẹ̀, nǹkan bíi mítà 5. Búrékì tó ń mú rímù kò ní mú lẹ́ẹ̀kan náà, torí pé rọ́bà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nu omi kúrò. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ kí ẹ tó dé ibi tí ẹ fẹ́ dúró sí, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ gidi. Ẹ ka àyè tí ẹ nílò láti dúró sí ìlọ́po méjì. Bí ẹ bá ń gbọ́ kíríkírí lára rímù, iyanrìn ti wọ inú rọ́bà búrékì. Ẹ dúró kí ẹ fi omi ṣàn án, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò jẹ rímù.

Ibi tí kẹ̀kẹ́ ti ń yọ̀ kò pọ̀, ẹ mọ̀ wọ́n: ojú ìlà funfun tí wọ́n kùn sí ọ̀nà, irin ìsopọ̀ afárá, ibùdókọ̀ tí epo mọ́tò ti ń kán sílẹ̀, oríta tí ọ̀nà ilẹ̀ pupa ti já sórí ọ̀dà, àti ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó níbi tí èèpo igi ti ń já bọ́ lára ọkọ̀ agẹdú. Òjò àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọ̀dá ló burú jù, torí pé ìṣẹ́jú 15 àkọ́kọ́ ni epo àti eruku máa ń pò pọ̀ lójú ọ̀nà kí omi tó ṣàn wọ́n lọ. Ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ dúró ṣánṣán bí ẹ bá ń kọjá lórí wọn, ẹ má tẹ búrékì níbẹ̀, ẹ má sì yí ọwọ́.

Nínú òjò, ẹnu ni kí ẹ máa fi kìlọ̀, kí ọwọ́ méjèèjì wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́: "Kòtò lápá ọ̀tún!" "Ọkọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn!" Kí ẹni tó gbọ́ pè é fún ẹni tó tẹ̀ lé e. Omi tí ẹ kò bá rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ sọ̀kalẹ̀ kí ẹ rìn ín gba etí. Omi tó bá ń ṣàn kọjá lójú ọ̀nà, ẹ má wọ̀ ọ́ rárá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kadà ń kọjá. Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó. Gọ́tà tí kò ní ìdérí wà lábẹ́ omi náà, kò sì sẹ́ni tó lè fi ojú yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà.

Nígbà tí ẹ bá ń dúró lábẹ́ òrùlé, ẹ bọ́ ẹ̀wù tútù kí ẹ wọ gbígbẹ kíá. Ilẹ̀ wa kì í tutù bí ti òyìnbó, síbẹ̀ ẹni tó tutù nini tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ lù máa ń gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọwọ́ tó ń gbọ̀n kò sì lè tẹ búrékì dáadáa. Ẹni tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde kò gbọ́dọ̀ bá òjò tutù, kò sì gbọ́dọ̀ jẹ́ kí òùngbẹ gbẹ òun. Méjèèjì lè dá ìrora sílẹ̀ fún un. Kí aṣíwájú mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìdákọ́ńkọ́, kí ó sì ṣètò ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sílé láì jẹ́ kí ó dúró de ẹnikẹ́ni. Gàrí Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ẹ̀pà àti ṣúgà rọrùn láti gbé dání fún ìdúró gígùn, omi nìkan ló kù.

Ọyẹ́

Láti oṣù kejìlá sí oṣù kejì, eruku aṣálẹ̀ Sàhárà ni atẹ́gùn ń gbé bọ̀. Ohun tó ń yí ètò padà ni ojú tí kò ríran. Ẹ fi òpó iná wọ̀n ọ́n: láàárín ìlú, òpó kan sí èkejì sábà máa ń tó bíi mítà 50. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan, kí ẹ wo iwájú. Bí ẹ kò bá rí òpó kẹrin tó tẹ̀ lé e, ẹ kò ríran tó mítà 200. Ẹ dúró títí oòrùn á fi gbé e sókè, nǹkan bí aago 8:30 sí 9. Èyí tó jẹ́ kùrukùru òwúrọ̀ máa ń lọ. Èyí tó jẹ́ eruku gidi lè wà níbẹ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Bí ó bá di aago 9 tí òpó kẹrin kò tíì hàn, ẹ padà sílé.

Òùngbẹ inú ọyẹ́ kì í hàn, torí pé òógùn máa ń gbẹ lára kí ènìyàn tó mọ̀. Kí aṣíwájú dúró ní gbogbo ìṣẹ́jú 20 kí gbogbo ènìyàn mumi, bóyá òùngbẹ ń gbẹ wọ́n tàbí kò gbẹ wọ́n. Ẹni tó ní ikọ́ fée gbọ́dọ̀ mú oògùn fífà rẹ̀ sínú àpò ara rẹ̀, kì í ṣe sínú ọkọ̀ atẹ̀lé. Bí eruku bá nípọn, kó má gùn ún lọ́jọ́ náà. Aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí imú àti ẹnu dára, òrí díẹ̀ sí ètè náà. Òwúrọ̀ lè tutù kí ọ̀sán sì gbóná, nítorí náà kí wọ́n wọ ẹ̀wù méjì fẹ́ẹ́rẹ́ dípò ọ̀kan tó nípọn.

Ṣéènì ni ọyẹ́ máa ń bá jà jù. Epo púpọ̀ pẹ̀lú eruku yóò di ohun tó ń jẹ irin. Ẹ nu ṣéènì mọ́, ẹ fi epo kán oríkèé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lẹ́kán kan ṣoṣo, ẹ yí pẹ́dàlì sẹ́yìn bíi ìgbà 20, kí ẹ wá nu gbogbo èyí tó kù síta kúrò pátápátá. Ẹ má lo epo ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò. Dúdú rẹ̀ yẹn, ìdọ̀tí irin ló wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrìn inú òjò, iṣẹ́ kù. Ẹ fi omi tí kò le fọ kẹ̀kẹ́. Ẹ̀rọ ìfọ-mọ́tò máa ń ti omi wọ inú bọ́ọ̀lù àgbá kẹ̀kẹ́. Ẹ nu ṣéènì, ẹ fi epo sí i lọ́jọ́ náà, torí pé ìpàdé omi àti irin kì í ju òru kan lọ kó tó dípàtà. Ẹ tú irin ìjókòó jáde, ẹ dorí kẹ̀kẹ́ kodò fún wákàtí kan kí omi tó wọ inú férémù lè jáde, kí ẹ wá fi gírísì díẹ̀ pa irin náà kí ẹ tó dá a padà.